Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Aṣálẹ̀ Texas àti New Mexico Pẹ̀lú Màmá àti Àwọn Ọmọ

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A bí ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹrin, àti àbúrò wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá mi, ẹni ọdún 71, ti Ìbàdàn wá kí wa, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní àárín oṣù Kẹta, èyí tó máa di ọjọ́ mẹ́sàn-án bí a bá ka òpin ọ̀sẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn. A fẹ́ fi mọ́tò wa lọ wo àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní aṣálẹ̀. Mo ti kọ márùn-ún sílẹ̀: Big Bend, White Sands, Grand Canyon, Zion àti Death Valley. Ìyàwó mi ní ó pọ̀ jù. Kí ni ẹ rí sí i, kí ni a sì gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ bá wa kí wọn púpọ̀. Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ. Kò sí èyí tí kò dára nínú ibi márààrún tí ẹ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò ṣe é fojú di. Láti Houston dé Death Valley ní California, àlọ nìkan ju máìlì 1,500 lọ. Bí ẹ bá tún ya Zion ní Utah àti Grand Canyon ní Arizona, inú mọ́tò ni ẹ ó ti lo ìsinmi náà tán, ẹ ó kàn máa sọ̀ kalẹ̀ ya fọ́tò, ẹ ó sì tún wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè fara da irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, orúnkún Màmá kò sì ní gbà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣálẹ̀ kọ́ ni ibi tó máa ń gbóná ní gbogbo ìgbà. Etí gúúsù Grand Canyon ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000 ju ìtẹ́jú òkun lọ, yìnyín sì lè máa bọ́ níbẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Ọ̀nà tó lọ sí etí àríwá rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣí fún mọ́tò kí ó tó di àárín oṣù Karùn-ún.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kúrò nínú aṣálẹ̀ kan ṣoṣo. Aṣálẹ̀ Chihuahua bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Mexico, ó sì wọ Texas àti New Mexico. Inú rẹ̀ ni Big Bend, Guadalupe Mountains, Carlsbad Caverns àti White Sands wà, ẹ sì lè gba ọ̀nà kan kọjá lára gbogbo wọn láìpadà sẹ́yìn. Mẹ́rin kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí márùn-ún, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Guadalupe Mountains àti Carlsbad kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ síra wọn, Guadalupe náà sì lè jẹ́ ibi tí ẹ kàn dúró jẹun ọ̀sán, tí àwọn ọmọ sá káàkiri fún wákàtí kan lábẹ́ òkè tó ga jù ní gbogbo Texas, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8,751.

Bí mo bá wà ní ipò yín, báyìí ni mo máa pín ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ gba ojú ọ̀nà I-10 lọ sí Fort Stockton, kí ẹ sì sùn síbẹ̀, nítorí ìrìn náà lé ní máìlì 500, kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa wa mọ́tò lóru nínú ibi tí àgbọ̀nrín ti máa ń já lu ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ gba Marathon sọ̀ kalẹ̀ sí Big Bend, kí ẹ sì lo òru mẹ́ta ní agbègbè náà. Ní Ọjọ́rú, ẹ gba Alpine àti Fort Davis lọ sí òkè, kí ẹ dúró ní Guadalupe, kí ẹ sì sùn sí ìlú Carlsbad. Ọjọ́bọ̀ ni ti Carlsbad Caverns, ihò àpáta ńlá. Ọjọ́ Ẹtì ni ti White Sands, kí ẹ sùn sí Alamogordo. Ọjọ́ méjì tó kù jẹ́ ti ìpadàbọ̀ láti El Paso, kí ẹ tún sùn lẹ́ẹ̀kan sí i ní Fort Stockton. Ẹ tètè gba àyè sílẹ̀, torí pé ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé-ìwé yìí gan-an ni èrò máa ń pọ̀ jù ní Big Bend láàárín ọdún. Bí ẹ kò bá rí yàrá nínú ọgbà, ẹ wá a ní Terlingua, tó sún mọ́ ọn jù, kí ẹ tó wá a ní Marathon tàbí Alpine.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí omi àti epo mọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń ti ìlú ńlá bọ̀ ti máa ń ṣe àṣìṣe. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù omi kan fún ọjọ́ kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin. Ẹ̀yin mẹ́fà nílò gálọ́ọ̀nù mẹ́fà lójúmọ́, kí ó sì wà nínú mọ́tò gan-an, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mu ún. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ní ilé mọ irú afẹ́fẹ́ tí mò ń sọ: ètè á máa là, ara á funfun, òógùn á gbẹ kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn, òùngbẹ kò sì ní tètè hàn. Màmá mọ ọyẹ́ dáadáa, nítorí náà ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, ìdí tí ẹ fi ń gbé omi lé wọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà á sì yé wọn. Òrí tí wọ́n kó wá láti Ìbàdàn náà kò gbọ́dọ̀ gbélé.

Bí ọyẹ́ náà ni ọ̀sán ṣe máa ń móoru tí òru sì máa ń tutù nini. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ, tí kò ní kùrukùru, kì í di ooru ilẹ̀ mú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru náà a gòkè lọ. Ní Big Bend, etí odò Rio Grande lè fi nǹkan bí dígírì 20 Fahrenheit gbóná ju orí òkè Chisos lọ ní ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Ní White Sands, òru oṣù Kẹta lè mú omi dì. Ẹ di ẹ̀wù òtútù fún gbogbo ẹbí, kí ẹ sì fi fìlà ìbòrùn kún un.

Ní ti epo mọ́tò, ẹ̀rí ara mi ni mo fẹ́ jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn ará ilé mi lọ sí Big Bend, a kọjá ní Marathon láìra epo, torí pé abẹ́rẹ́ ṣì wà ní ìdajì táǹkì, mo sì rò pé ìlú mìíràn ń bẹ níwájú. Kò sí. Láti Marathon dé ọ́fíìsì ọgbà náà ní Panther Junction jẹ́ nǹkan bí máìlì 70, kò sí ilé epo, kò sì sí nẹ́tíwọ̀kì fóònù ní ibi tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà. A dé ibẹ̀ pẹ̀lú iná pupa, ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kò sì jẹ̀bi. Ilé epo méjì péré ló wà nínú ọgbà tí fífẹ̀ rẹ̀ ju éékà 800,000 lọ, ọ̀kan ní Panther Junction, èkejì ní Rio Grande Village. Kò sí ọ̀kankan nínú Guadalupe Mountains, ó sì tó nǹkan bí máìlì 35 sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìdajì, tí ẹ sì rí ilé epo, ẹ rọ táǹkì kún. Ẹ sì fa máàpù gbogbo agbègbè náà sínú fóònù kí ẹ tó kúrò ní Houston, kí ẹ tún ra èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìrìnàjò kì í sọ fún irú àwa. Ìtòsí ibodè Mexico ni gbogbo ọ̀nà yìí wà. Bí ẹ bá ń jáde láti Big Bend lọ sí òkè, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè máa ń dá mọ́tò dúró láti béèrè bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni èèyàn, wọ́n sì ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà I-10 náà. Kí Màmá mú ìwé ìrìnnà wọn tí físà wà nínú rẹ̀ dání, pẹ̀lú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìwọlé wọn, kí ẹni tó bá ní gíríìnì kààdì mú ojúlówó rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá bi yín, ó sábà máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń gbé àlejò kọjá odò láti Big Bend lọ sí abúlé Boquillas ní ilẹ̀ Mexico, àwọn ọmọ yóò sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí físà Màmá bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má ṣe dán an wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí omi lè sọ wọ́n di ẹni tí kò lè padà wọlé.

Ní Big Bend fúnra rẹ̀, ẹ má lépa ohun gbogbo. Ẹ wa ojú ọ̀nà Ross Maxwell, máìlì 30, dé Santa Elena, níbi tí odò ti la àpáta sí méjì tí ògiri rẹ̀ méjèèjì sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,500. Ìyàwó yín àti ìbejì lè rin ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ kò ju máìlì méjì lọ, ṣùgbọ́n ó ní àtẹ̀gùn, wọ́n sì ní láti la odò kékeré kan kọjá. Bí òjò bá ti rọ̀ lókè, kí wọ́n má wọ̀ ọ́, nítorí àgbàrá aṣálẹ̀ máa ń dé láti ibi tí èèyàn kò rí. Màmá lè jókòó sí ibi ìwòran tó wà létí títì, wọn á rí ògiri náà láti ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ibẹ̀ bá ṣí, ẹ gbé wọn lọ sí Window View ní àárín òkè Chisos: ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ dáadáa, tí kò tó ìdajì máìlì, ìjókòó sì wà níbẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ láàárín òkè méjì. Bí ọdún náà bá ní òjò tó, ẹ ó bá òdòdó aláwọ̀ aró létí ọ̀nà, irú bluebonnet kan tó lè ga dé àyà àbúrò àwọn ìbejì. Lóru, ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ gbójú sókè. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí òkùnkùn òru rẹ̀ mọ́ jù, mo sì gbà pé Màmá yóò sọ fún àwọn ọmọ pé bí ojú ọ̀run ṣe rí nìyẹn kí iná mànàmáná tó dé abúlé wọn.

Carlsbad gba kí ẹ yan àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ. Ẹ má rò pé ẹ lè kàn yọjú. Ẹ rántí pé láti Guadalupe lọ, aago ibẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Houston, àti pé ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni gbogbo aago ń sún síwájú. Ẹ̀rọ agbéniròkè ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 750 sínú yàrá ńlá tí kò sí irú rẹ̀ ní ìtóbi nínú ihò àpáta kankan ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ọ̀nà inú rẹ̀ tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ti kẹ̀kẹ́ aláìlera ní apá kan rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni kí Màmá gbà, kì í ṣe ẹnu ihò, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ba orúnkún wọn jẹ́, kí ẹ sì béèrè ní àárọ̀ ọjọ́ náà bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Dígírì 56 Fahrenheit ni inú ibẹ̀ ní gbogbo ọdún, nítorí náà ẹ̀wù òtútù tún ni. Omi lásán nìkan ni wọ́n gbà kí èèyàn mu níbẹ̀.

White Sands ni mo fi sí ìkẹyìn, torí pé ó ṣòro kí ọmọdé tó ti débẹ̀ gbà láti lọ sí ibòmíràn. Yanrìn rẹ̀ kì í ṣe yanrìn odò tí a mọ̀. Gypsum ni, ohun kan náà tí wọ́n ń sun tí wọ́n fi ń ṣe POP tí a ń fi ṣe àjà ilé. Òjò ń wẹ̀ ẹ́ wá láti ara òkè sínú àfonífojì tí kò ní ojú ìṣàn, oòrùn ń fa omi náà gbẹ, ohun tó kù a dì, atẹ́gùn a sì lọ̀ ọ́ kúnná títí ó fi di òkìtì funfun tó bo nǹkan bí máìlì 275 níbùú lóròó. Kì í gbóná bí yanrìn yòókù, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ lè fi sáré lórí rẹ̀. Wọ́n ń ta abọ́ ike tí wọ́n fi ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkìtì, ẹ ra méjì.

Nínú ọgbà yìí kan náà ni wọ́n ti rí ojú ẹsẹ̀ èèyàn tí àwọn onímọ̀ kéde ní ọdún 2021 pé ó ti wà láti ohun tó tó 21,000 sí 23,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti ṣàlàyé ipa ẹsẹ̀ kan tó gùn ju kìlómítà kan lọ: ẹnì kan ń yára rìn, ó gbé ọmọ kékeré lọ́wọ́, ní ibì kan ojú ẹsẹ̀ ọmọ náà fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbé e. Nígbà tí ó ń padà, ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀. Àlejò kò lè lọ wo ojú ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ìbejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí ẹsẹ̀ tiwọn náà bá ti wà lórí yanrìn.

Kò sí omi rárá nínú òkìtì náà, àfi ní ilé àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2015, tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Faransé kú sójú ọ̀nà Alkali Flat, ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ kò ju máìlì márùn-ún lọ. Ọmọ wọn, ẹni ọdún mẹ́sàn-án bí àwọn ìbejì yín, ló yè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná nìyẹn, oṣù Kẹta kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òkìtì funfun jọra wọn, atẹ́gùn ìgbà ìrúwé sì máa ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má lọ jìnnà débi tí ẹ kò ní rí mọ́tò yín mọ́. Bí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yanrìn, ẹ kúrò. Ẹ tún wo ìkéde ọgbà náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ibùdó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò ló yí i ká, wọ́n sì lè ti ọ̀nà pa fún wákàtí mẹ́ta.

Owó wá ńkọ́? Ìbejì yín ti san án. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Every Kid Outdoors fún ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kẹrin. Ọmọ náà yóò dáhùn ìbéèrè díẹ̀ lórí ojú-ìwé ètò náà, ẹ ó tẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde, ẹ ó sì mú un dání. Gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò ló máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ní ibi tí wọ́n bá sì ti ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bíi Carlsbad, ó bo àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà mẹ́ta. Ẹ̀yin, ìyàwó yín àti Màmá ni mẹ́ta náà.

ÌBÉÈRÈ

Ṣé mọ́tò kékeré lè lọ sí Big Bend, tàbí jíìpù ló pọn dandan? Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Corolla àtijọ́ ni mo ní.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, San Antonio

ÌDÁHÙN

Ó lè lọ. Gbogbo ibi tí mo dárúkọ lókè nínú ọgbà Big Bend ló ní ọ̀dà dé ibẹ̀. Ẹ yẹra fún Old Maverick Road àti àwọn ọ̀nà erùpẹ̀ yòókù, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀. Ẹ rí i pé táyà àpamọ́ yín ní atẹ́gùn nínú, nítorí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò títí tí wọ́n fi nílò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Àgọ́ ni a fẹ́ pa ní Big Bend, oúnjẹ wa ni a sì fẹ́ máa jẹ. Ṣé a lè dáná níbẹ̀? Kí ni a lè gbé lọ?

Ìyá Ayọ̀, Dallas

ÌDÁHÙN

Ìyá Ayọ̀, ẹ lè dáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi. Wọn kò gbà kí èèyàn fi igi dáná nínú ọgbà náà. Sítóòfù gáàsì ni kí ẹ gbé, ẹ sì lè lo èédú nínú ààrò onírin bí ọ̀dá kò bá mú kí wọ́n fòfin de ìyẹn náà. Ẹ se ọbẹ̀ ata dídín sílẹ̀ ní ilé, kí ẹ mú un dì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú kúlà tutù fún ọjọ́ méjì. Mọ́ínmọ́ín náà ṣe é gbé báyìí. Gaàrí dára, àmọ́ ẹ ka omi rẹ̀ mọ́ omi mímu yín.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni òórùn. Béárì dúdú tó ti pòórá nínú ọgbà náà tún ti ilẹ̀ Mexico padà wá láti ìparí àwọn ọdún 1980, ẹranko kan tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní javelina, sì máa ń wọ àgọ́ wá oúnjẹ. Ẹja gbígbẹ àti irú yóò pè wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ti ṣe àpótí irin sí ibùdó àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni kí oúnjẹ, kúlà, ìkòkò tí ẹ ti lò, ọṣẹ àti oògùn ìfọyín máa wà ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá ń lò wọ́n, lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹ sì rí i pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ wọlé dáadáa. Ẹ má gbé oúnjẹ kankan wọ inú àgọ́ tí ọmọ ti ń sùn, àní bisikíìtì pàápàá.